Ohun Tó Ń Pa Kòkòrò Ẹ̀wà Lè Pa Ẹni Tó Jẹ Ẹ̀wà

Ẹni tó bá ń da oògùn kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Sniper sínú àpò ẹ̀wà kí kòkòrò má bàa jẹ ẹ́, òun ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹni tó ń fín in sára ẹja gbígbẹ kí eṣinṣin má bàa bà lé e. Ó kan ìyá tó fi ra orí ọmọ nítorí iná orí, àti ọ̀dọ́mọkùnrin tó wọ́n ọn sábẹ́ ibùsùn nítorí ìdun, tó ti fèrèsé pa, tó sì sùn síbẹ̀. Ó tún kan èmi àti ẹ̀yin tí à ń ra ẹ̀wà, nítorí ilé wa ni oúnjẹ náà ń bọ̀.

Ohun tí mo sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn tó ń lò ó ni pé oògùn kòkòrò ni, kì í ṣe oògùn èèyàn. Wọ́n á ní ara kòkòrò kéré, ara èèyàn tóbi, pé díẹ̀ tó bá kù sára ẹ̀wà kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Àwọn mìíràn á bi yín pé, "Ọjọ́ wo la ti ń lò ó, ta ló kú?" Mo fẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn dáadáa, nítorí kì í ṣe òmùgọ̀ ló ń bèèrè rẹ̀. Ẹni tó ń bèèrè kò tíì mọ ibi tí oògùn náà ti ń jà nínú ara ni. Dichlorvos ni orúkọ èròjà tó wà nínú Sniper. Òun náà ló sábà máa ń wà nínú ota-pia-pia tí wọ́n ń kiri láàárín ọjà àti ní ibùdókọ̀. Kì í dá ihò sí kòkòrò nínú, kì í sì í fún un lọ́rùn. Pùrótéènì kan ló ń wá lọ nínú ara rẹ̀. Pùrótéènì yẹn wà nínú ara tèmi àti tiyín, iṣẹ́ kan náà ló sì ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà, nítorí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kò ní fẹ́ fọwọ́ kan ìgò yẹn nílé ìdáná mọ́.

Àwọn okùn tín-ín-rín ló ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ àti ọ̀pá ẹ̀yìn lọ sí gbogbo ara. Nẹ́ẹ̀fù ni àwọn oníṣègùn ń pè wọ́n. Bí ẹ bá fẹ́ gbé ọwọ́ sókè, agbára iná tó kéré jọjọ ló ń sáré gba inú nẹ́ẹ̀fù kọjá. Ṣùgbọ́n nẹ́ẹ̀fù kò fara kan ẹran apá tí yóò gbé ọwọ́ náà. Àlàfo wà láàárín wọn, àlàfo tó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ojú lásán kò lè rí i láéláé. Iná náà kò lè fo àlàfo yìí. Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní acetylcholine ló ń gbé iṣẹ́ náà sọdá.

Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Otto Loewi, ló fi èyí hàn ní ọdún 1921, ní ìlú Graz lórílẹ̀-èdè Austria. Ó mú ọkàn àkèré méjì tó ṣì ń lù, ó fi wọ́n sínú omi oníyọ̀. Ó ta nẹ́ẹ̀fù tó wà lára èkínní jí, ọkàn yẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọra lù. Lẹ́yìn náà ló bu omi tó yí i ká sára èkejì, èkejì náà sì rọra ń lù, bẹ́ẹ̀ kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan nẹ́ẹ̀fù kankan nítorí tirẹ̀. Ohun kan ti inú ọkàn èkínní jáde sínú omi náà, òun ló jíṣẹ́ fún èkejì. Acetylcholine ni. Loewi àti Henry Dale ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ní 1936 nítorí iṣẹ́ yìí.

Acetylcholine kì í dédé tú jáde. Inú àpò wẹ́wẹ́ ló wà ní ìpẹ̀kun nẹ́ẹ̀fù, ẹgbẹẹgbẹ̀rún nínú àpò kọ̀ọ̀kan. Bí iná bá dé ibẹ̀, pùrótéènì kan ṣílẹ̀kùn fún kálísíọ̀mù láti wọlé. Pùrótéènì mìíràn, synaptotagmin, ló ń mọ̀ pé kálísíọ̀mù ti dé. Nígbà náà ni àwọn tí wọ́n ń pè ní SNARE yóò wé mọ́ ara wọn, wọ́n á fa àpò náà mọ́ ara nẹ́ẹ̀fù títí àwọn méjèèjì yóò fi lẹ̀ pọ̀, ohun tó wà nínú àpò yóò sì dà sínú àlàfo. James Rothman, Randy Schekman àti Thomas Südhof ló gba Nobel ní 2013 nítorí ohun tí wọ́n ṣàwárí nípa ìrìn àwọn àpò wẹ́wẹ́ wọ̀nyí. Ní òdìkejì àlàfo, pùrótéènì tó wà lára ẹran apá gba acetylcholine, ó ṣí, ẹran náà sì sún kì. Ọwọ́ ti gbéra nìyẹn.  

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ, bí iṣẹ́ ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ni. Bí yóò ṣe parí ló ṣe pàtàkì jù fún ìkìlọ̀ yìí.

Ẹ fetí sí onídùndún nígbà tó bá ń ki èèyàn. Ohùn kọ̀ọ̀kan ní láti dákẹ́ kí èyí tó tẹ̀ lé e tó dún. Bí gbogbo wọn bá ń hó lọ láìdákẹ́, ariwo ni a ó máa gbọ́, kò sẹ́ni tó máa mọ orúkọ ẹni tí ìlù ń pè. Bẹ́ẹ̀ ló rí nínú àlàfo yẹn. Acetylcholine tó ti jíṣẹ́ tán gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀ kíákíá, kí àṣẹ tuntun tó lè wọlé. Pùrótéènì tó ń mú un kúrò ni acetylcholinesterase. Ẹ́ńsáìmù ni, inú àlàfo náà ló ń gbé. Ó gbá acetylcholine mú, ó là á sí méjì, ó jù ú sílẹ̀, ó sì mú òmíràn. Ẹyọ kan ṣoṣo nínú ẹ́ńsáìmù yìí lè la ẹgbẹẹgbẹ̀rún acetylcholine láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó wà lára àwọn ẹ́ńsáìmù tó yára jù lọ tí àwọn onímọ̀ tíì rí. Apá kan lára ohun tó là náà kò ṣòfò: nẹ́ẹ̀fù á fà á padà, á tún fi ṣe acetylcholine tuntun.

Ẹ́ńsáìmù yìí ni dichlorvos ń wá lọ. Kòtò kékeré kan wà lára rẹ̀ níbi tó ti ń la acetylcholine. Dichlorvos á wọ inú kòtò náà, á so mọ́ ọn, kò sì ní kúrò níbẹ̀ bí acetylcholine ṣe máa ń kúrò. Láti ìgbà yẹn lọ, ẹ́ńsáìmù náà ò lè ṣe nǹkan kan mọ́. Acetylcholine ń dà sínú àlàfo, kò sí ẹni tó ń kó o kúrò. Àṣẹ àtijọ́ kò parí, àṣẹ tuntun ń já lù ú. Ẹ ti rí aáyán tí wọ́n fín Sniper sí: ó dojú sókè, gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè yí padà. À ń wò ó, à ń sọ pé oògùn náà dára. Ohun tí à ń wò yẹn ni àlàfo nẹ́ẹ̀fù tí acetylcholine kún bò.

Nínú ara èèyàn, acetylcholine kì í jíṣẹ́ fún ọwọ́ àti ẹsẹ̀ nìkan. Ó ń bá ibi tí itọ́ ti ń sun sọ̀rọ̀, ó ń bá ibi tí omijé àti òógùn ti ń jáde sọ̀rọ̀. Ó ń bá ìfun, àpòòtọ̀, ọkàn, ẹyinjú àti ọ̀nà ọ̀fun tó lọ sí ẹ̀dọ̀fóró sọ̀rọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tí dichlorvos bá mú fi máa ń da itọ́ lẹ́nu, tí omi ń jáde lójú àti nímú rẹ̀, tí òógùn bò ó, tó ń bì, tó ń ṣu, tó sì ń tọ̀ sára. Dúdú ojú rẹ̀ á sún kì títí yóò fi dà bí orí abẹ́rẹ́. Àyà rẹ̀ á máa dún hìn-ìn, omi àti kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á kún inú rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ lè máa rọra lù. Ẹran ara rẹ̀ á máa ta pàtì pàtì lábẹ́ awọ, lẹ́yìn náà á rọ. Ẹran àyà àti ti abẹ́ àyà tí à ń fi mí náà lè rọ. Ẹni tó bá tipa bẹ́ẹ̀ kú, àìlèmí ló sábà máa ń pa á.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ pé ẹni tó mu ún ló ń rí gbogbo ìyẹn, pé èyí tó kù sára ẹ̀wà kéré. Ohun méjì ló mú kí ọ̀rọ̀ "ó kéré" yìí máa dà mí lọ́kàn rú.

Àkọ́kọ́, ẹ́ńsáìmù tí dichlorvos bá so mọ́ kì í tètè bọ́. Bí wákàtí ti ń lọ, ìdè náà ń le sí i, títí kò fi ní sí oògùn tó lè tú u mọ́. Ara ní láti ṣe ẹ́ńsáìmù tuntun dípò èyí tó ti bàjẹ́, ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ sì ni èyí ń gbà. Ẹni tó jẹ díẹ̀ lónìí, tó fa èéfín rẹ̀ sínú lọ́la, tó tún fọwọ́ pa á mọ́ra lọ́túnla, tuntun ń kún ti tẹ́lẹ̀ nínú ara rẹ̀. Orí á máa fọ́ ọ, ojú rẹ̀ á ṣú, inú á máa lọ́ ọ, àárẹ̀ á mú un. Kí ni wọ́n máa ń pe gbogbo èyí nílé wa? Ibà ni, tàbí táífọ́ọ̀dù. Wọ́n á ra oògùn ibà, wọ́n á lò ó tán, wọ́n á tún padà sí ìdí àpò ẹ̀wà náà. Ọlọ́jà tó ń sùn nínú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti fín nǹkan yìí, tó sì ń fọwọ́ lásán da ẹ̀wà pọ̀, òun ló ń fara gbá a jù, ó sì máa ń ṣe mí láàánú pé òun fúnra rẹ̀ ni kò mọ̀.

Èkejì, kò sẹ́ni tó ń wọ̀n ọ́n. Ojú ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀ nínú ọjà. Alájàpá á da tirẹ̀ sí i ní ibi tó ti rà á, ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ lè tún da tirẹ̀ sí i ní ilé ìkẹ́rù, ẹni tó ń fi kóńgò tà á lè tún fín in sí i. Ẹni tó ń jẹ ẹ́ kò lè mọ iye ìgbà tó ti kan oògùn kó tó dé orí iná. Ọmọdé tí ara rẹ̀ kò ju ìwọ̀n díẹ̀ lọ, tí ọpọlọ rẹ̀ ṣì ń dàgbà, abọ́ kan náà ni yóò ti jẹun.

Ní ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń wá láti Nàìjíríà nítorí dichlorvos. Ìwọ̀n tí òfin wọn gbà kò ju mílígíráàmù 0.01 nínú kílógíráàmù ẹ̀wà kan lọ. Èyí tí wọ́n rí lára ẹ̀wà tiwa wà láàárín 0.03 sí 4.6. Ẹ̀wà tí wọ́n dá padà yẹn dun ọ̀pọ̀ èèyàn nítorí owó tó sọ nù. Ohun tó dun èmi ni pé ọjà tiwa kò ní ẹnubodè tó lè dá ẹ̀wà padà, bẹ́ẹ̀ àwa là ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ní oṣù keje ọdún 2013, ní abúlé Gandaman ní ìpínlẹ̀ Bihar lórílẹ̀-èdè Íńdíà, àwọn ọmọ ilé ìwé jẹ oúnjẹ ọ̀sán tí wọ́n sè fún wọn. Mẹ́tàlélógún nínú wọn ló kú. Monocrotophos ni wọ́n rí nínú oúnjẹ náà, ìyẹn oògùn kòkòrò tó jẹ́ ọmọ ìyá dichlorvos, tó ń bá ẹ́ńsáìmù kan náà jà. Òróró tí wọ́n fi se oúnjẹ náà ti wà nínú ike tó ti gbé oògùn kòkòrò rí. Mo ní kí àwọn tó ń fọ ike oògùn láti fi gbé omi tàbí epo ka ìyẹn lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ibi tí ìdílé àwọn oògùn yìí ti wá pẹ̀lú yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Gerhard Schrader, onímọ̀ kẹ́míkà ọmọ Jámánì, ń wá oògùn tí yóò pa kòkòrò oko nígbà tó ṣe májèlé tí wọ́n ń pè ní tabun ní 1936. Àwọn ológun Jámánì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ di ohun ìjà. Májèlé mìíràn tó jọ ọ́, sarin, tẹ̀ lé e. Sarin yìí ni àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kan tú sínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ ní ìlú Tokyo ní ọjọ́ 20 oṣù kẹta ọdún 1995, tí èèyàn kú, tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún sì fara pa. Agbára dichlorvos kò tó ti sarin. Ṣùgbọ́n ẹ́ńsáìmù kan náà ni wọ́n jọ ń wá lọ.

Kódà nílẹ̀ Nàìjíríà níbí, àwọn èèyàn ti mọ ohun tó ń di ẹ́ńsáìmù yìí lọ́wọ́ tipẹ́tipẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn Efik ní agbègbè Calabar ní ẹ̀wà igbó kan tí wọ́n ń pè ní esere. Láyé àtijọ́, wọ́n máa ń fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn kàn jẹ, kí wọ́n lè fi mọ̀ bóyá ó jẹ̀bi. Robert Christison, dókítà ní Edinburgh, tọ́ díẹ̀ wò fúnra rẹ̀ ní 1855, ara rẹ̀ kò sì gbà á rárá. Èròjà inú rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní physostigmine máa ń di acetylcholinesterase mú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á jọ̀wọ́ rẹ̀. Ní 1934, Mary Walker, dókítà ní Greenwich nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi ìwọ̀nba rẹ̀ tọ́jú obìnrin kan tí ẹran ara rẹ̀ ń rọ nítorí àìsàn myasthenia gravis, obìnrin náà sì rí agbára lò fún ìgbà díẹ̀. Títí dòní, oògùn tó jọ ọ́ wà ní ilé ìwòsàn, dókítà ló ń díwọ̀n rẹ̀, ó sì ń ṣọ́ ẹni tó ń lò ó. Bí àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ bá ń bẹ̀rù ìwọ̀n rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ta ló fún wa láṣẹ láti máa fi ojú díwọ̀n èyí tó tún burú jù ú lọ sínú oúnjẹ?

Ọ̀pọ̀ ìyá ti sọ fún mi pé, "Mo máa ń fọ̀ ọ́ dáadáa, mo sì máa ń da omi àkọ́sè nù." Ẹ má ṣe dáwọ́ rẹ̀ dúró, ó dára. Ó ń dín in kù. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè sọ pé gbogbo rẹ̀ ti bá omi lọ, nítorí oògùn tó ti wọ inú èèpo ẹ̀wà kì í ṣe eruku. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gbogbo ẹ̀wà tó ní in lára ló ń rùn. Bí ẹ bá ṣí àpò tí òórùn oògùn ta yín nímú, ẹ má ra á, bí owó rẹ̀ ti wù kó wálẹ̀ tó. Ẹ̀wà tí kòkòrò ti dá ihò díẹ̀ sí lára, tí ẹ máa jókòó ṣà, ó sàn ju èyí tí kò sí kòkòrò kankan lára rẹ̀ nígbà tí gbogbo ọjà ń ṣà tiwọn.

Ẹ̀yin ọlọ́jà, mi ò ní sọ fún yín pé kí ẹ fi owó yín ṣòfò fún kòkòrò. Kòkòrò ẹ̀wà ń mí bí àwa náà ṣe ń mí, ibẹ̀ ni a ti lè mú un. Larry Murdock àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Purdue ní Amẹ́ríkà lọ bá àwọn àgbẹ̀ ẹ̀wà ní àríwá Cameroon ní ìparí àwọn ọdún 1980, wọ́n sì ṣe àpò tí à ń pè ní PICS. Ọ̀rá méjì tó nípọn ló wà nínú àpò kan. Ẹ ó da ẹ̀wà tó gbẹ dáadáa sínú ọ̀rá àkọ́kọ́, ẹ ó tẹ afẹ́fẹ́ jáde, ẹ ó dì í, ẹ ó di ọ̀rá kejì, lẹ́yìn náà àpò òde. Kòkòrò tó wà nínú rẹ̀ á lo afẹ́fẹ́ tó kù tán, kò ní lè jẹun mọ́, á sì kú. Wọ́n ń tà á ní Nàìjíríà, a sì lè lò ó ju ọdún kan lọ bí kò bá ya. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣèwádìí nípa bí a ṣe ń tọ́jú irè oko, NSPRI, wà ní Ìlọrin. Àwọn náà ní lẹ́búlẹ́bú tí wọ́n fi òkúta ilẹ̀ wa ṣe tó ń pa kòkòrò láìlo májèlé bí irú èyí.

Nílé, kẹ́ẹ̀gì tàbí ike onídèérí líle ti tó. Ẹ sá ẹ̀wà sóòrùn kó gbẹ, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ rọ ọ́ kún dé ẹnu kí afẹ́fẹ́ má bàa rí àyè, ẹ dé e pa, ẹ má sì máa ṣí i lójoojúmọ́. Èyí tí ẹ ó jẹ lọ́sẹ̀ yìí, ẹ bù ú sọ́tọ̀ sínú ohun mìíràn. Ike tó ti gbé oògùn tàbí kẹ́míkà rí kò gbọ́dọ̀ gbé oúnjẹ, ẹ má ṣe sọ pé ẹ ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹni tó ní fíríìsà tí iná sì ń dúró fún lè gbé ẹ̀wà sínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, òtútù á pa ẹyin kòkòrò àti ọmọ rẹ̀. Àwọn ìyá wa àgbà fi eérú tọ́jú ẹ̀wà gbígbìn, ẹ̀wà náà sì hù.

Ní ti ìdun àti aáyán, ẹ fi omi gbígbóná ṣan igi ibùsùn, ẹ sá mátírẹ́ẹ̀sì sóòrùn, ẹ dí ihò ara ògiri. Ọmọ tó ní iná orí, ẹ gé irun rẹ̀ tàbí kí ẹ fi òòyà tí eyín rẹ̀ sún mọ́ra yà á, kí ẹ béèrè oògùn tirẹ̀ lọ́wọ́ apòògùn. Awọ orí ọmọdé ń fa dichlorvos mu. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Bí ó bá wá ṣẹlẹ̀ pé ẹnì kan ti mu ún, tàbí ó dà sí i lára, ẹ má dúró kí àmì tó jáde. Ẹ gbé e kúrò níbi tí oògùn wà lọ síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́. Kí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ fi ọ̀rá tàbí ìbọ̀wọ́ wé ọwọ́ ara rẹ̀, nítorí èébì àti aṣọ ẹni náà lè mú òun náà. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ fọ ara rẹ̀; bó bá ta sí i lójú, omi mímọ́ ni kí ẹ máa dà sí i. Ẹ má fún un ní epo pupa. Mo mọ̀ pé ohun àkọ́kọ́ tí àwọn ará ilé máa ń sáré gbé nìyẹn, àti wàrà, àti omi iyọ̀. Ẹ má fi ìka ki ọ̀fun rẹ̀ kó lè bì. Kẹrosíìnì sábà máa ń wà nínú ota-pia-pia. Bí ó bá gba ọ̀fun padà wá sókè, ó lè ṣì wọ ẹ̀dọ̀fóró, èébì sì lè há ẹni tí oorun ti ń kùn lọ́fun. Bó bá ti dákú, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀ kí ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ lè máa ṣàn jáde, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lójú ẹsẹ̀. Nọ́ńbà 112 ni ti pàjáwìrì ní Nàìjíríà. Ẹ mú ìgò náà dání nínú ọ̀rá tó dí, tàbí kí ẹ ya fọ́tò ara rẹ̀. Ẹ sọ òótọ́ fún dókítà nípa ohun tó jẹ́ àti ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ìtìjú kò wúlò níbẹ̀.

Atropine ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un, léraléra, kí omi inú àyà rẹ̀ lè gbẹ kí ọkàn rẹ̀ sì lù dáadáa. Atropine kì í tú ẹ́ńsáìmù sílẹ̀, ńṣe ló ń dí ibi tí acetylcholine tó pọ̀ jù ń lù. Pralidoxime ló lè fa oògùn kòkòrò náà kúrò lára ẹ́ńsáìmù, kìkì bí ìdè rẹ̀ kò bá tíì le. Wákàtí tí ẹ bá fi ń wá àgbo kiri, ìdè náà ń le sí i. Bí ara ẹni náà bá sì ti yá, ẹ má fa omi kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ gbé e wálé nítorí owó. Láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọrùn rẹ̀ lè rọ kó má lè gbé orí, èémí rẹ̀ sì lè tún bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Àwọn dókítà ní Sri Lanka ṣàlàyé èyí ní 1987. Ilé ìwòsàn ló yẹ kó wà lákòókò yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí mi ò fẹ́ fò. Àwọn kan wà tí ọkàn wọn wúwo, tí ayé ti sú wọn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wà nílé yín, oògùn yìí kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ rárá. Ẹ jókòó tì í, ẹ fetí sí i láìbá a wí, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà tó ń tọ́jú ọkàn. Ìrora yẹn ní ìtọ́jú.

Ní 2019, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojisola Adeyeye, fòfin de ìgò dichlorvos kékeré, èyí tí kò ju mílílítà 100 lọ, wọ́n sì ní kò gbọ́dọ̀ sí lórí àtẹ ọjà àti ní súpámákẹ́ẹ̀tì mọ́. Ṣọ́ọ̀bù oògùn oko tó gba àṣẹ nìkan ló lè ta ìgò ńlá, fún oko. Òfin náà dára, àmọ́ àwọn tó ń kiri ọjà kò tíì dáwọ́ dúró, àwa tí à ń rà á lọ́wọ́ wọn kò sì tíì dáwọ́ dúró. Ẹ̀yin ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, ẹ̀yin alága ẹgbẹ́ ẹlẹ́wà, ẹ lè ṣe ohun tí ọlọ́pàá kò lè ṣe. Ẹ pe ìpàdé lórí rẹ̀. Ẹ sọ ọ́ di òfin ẹgbẹ́ pé ẹni tí a bá ká oògùn mọ́ lọ́wọ́ nídìí àpò ẹ̀wà kò ní tà lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì fi owó ẹgbẹ́ ra àpò PICS púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kó lè rọ ọmọ ẹgbẹ́ lọ́rùn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ wo abẹ́ síǹkì àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná yín. Bí ẹ bá rí i níbẹ̀, pàápàá èyí tí wọ́n rọ sínú ike omi tàbí ike ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò tí ọmọ lè gbé mu, ẹ má dà á sí gọ́tà tàbí sí ìtòsí kànga. Ẹ dé e pa, ẹ gbé e síbi tó ní kọ́kọ́rọ́ tí ọwọ́ ọmọ kò lè tó, kí ẹ sì bi ọ́fíìsì NAFDAC tó wà ní ìpínlẹ̀ yín léèrè bí ẹ ṣe máa kó o dànù. Ẹ ṣe é lónìí, kí ẹ tó dáná oúnjẹ alẹ́.